Ẹni Tí Yóò Máa Fa Kòkànyín Lẹ́yìn Mi

Èmi, Jọmílójú Àṣàbí Ọ̀jẹ̀túndé, tí bàbá mi ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tẹ̀dó sí Mushin, tí mo ń ṣe iṣẹ́ alágbàfọ̀ ní àdúgbò Ojú Ẹlẹ́gbà, tí mo sì di aya Abdussalam Àlíyù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Orí mi pé, ojú mi sì là sí gbogbo ohun tí mò ń kọ. Kò sí ẹni tó dúró lé mi lórí. Abdussalam wà níta, ó ń fi epo sí ṣéènì kẹ̀kẹ́, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń súfèé. Ọkàn inú àyà mi nìkan ni ara rẹ̀ kò yá.

Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, wọn yóò là mí láyà ní ilé ìwòsàn ní Ìdí-Àràbà, láti tún ibì kan ṣe lára ọkàn mi tó ti ń bàjẹ́ bọ̀ láti ìgbà tí mo wà ní ilé ìwé girama. Dókítà bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn kan máa ń jí, àwọn kan kì í jí, àti pé bí mo bá ní ohun tí mo fẹ́ tò, kí n tò ó. Ohun tí mò ń tò nìyí. Ẹ má bínú bí ayọ̀ bá ń yọjú nínú ìwé tó yẹ kó gbẹ. Ìyàwó tuntun ni mí. Bí mo bá jí láàárọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ na ọwọ́ wò bóyá ó ṣì wà níbẹ̀, ó sì máa ń wà níbẹ̀, n óò wá rẹ́rìn-ín sínú ìrọ̀rí kó má baà gbọ́.

Kìíní. Mo yan ọkọ mi, Abdussalam Àlíyù, àti Jameelah, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, láti mú ohun tó wà nínú ìwé yìí ṣẹ. Bí wọn kò bá fẹnu kò lórí ohun kan, kí wọ́n ṣe èyí tí Jameelah sọ, nítorí pé omijé yóò wà lójú Abdussalam, kò sì ní lè kàwé dáadáa.

Ìwé òfin ló fà á tí mo fi ń dárúkọ ọkọ mi ní gbangba báyìí. Nílé, Olówó orí mi ni mò ń pè é. Mo ti ń fi orúkọ náà dánra wò nínú yàrá kí ó tó bi mí léèrè rárá.

Kejì. Èkó ni kí ẹ sin mí sí, kí ẹ má gbé mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ó jẹ́ ibi tí kẹ̀kẹ́ lè dé. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni na owó lórí oúnjẹ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ìgbéyàwó ni, ìkòkò tí a yá lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò ṣì wà lọ́dọ̀ wa.

Kẹta. Yàrá méjì tó kọjú sí títì nínú ilé bàbá mi ní Mushin, tó jẹ́ ìpín tèmi, mo fi wọ́n fún Abdussalam Àlíyù. Ó lè gbé inú wọn, ó lè fi wọ́n háyà, ó lè tà wọ́n. Ìpín ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ayọ̀kànmí, wà lọ́tọ̀, n kò fọwọ́ kàn án.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ilé yìí. Nígbà tí bàbá wa kú, Àǹtí Ayọ̀kànmí fẹ́ kí a tà á, mo ní rárá. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, níwájú gbogbo ayálégbé, wọ́n ní, "Kí ni ẹni tí kò ní í pẹ́ láyé fẹ́ fi ilé ṣe?" Ẹnì kan pa rédíò rẹ̀ kó lè gbọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn ni Àǹtí kó ẹrù wọn lọ sí Ìlúpéjú, sí ilé kan tó ní àgbàlá, a kò sì bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo gba ọmọ ajá kan lọ́wọ́ obìnrin kan ní Yaba, ajá ìbílẹ̀, pupa, tó ní funfun lọ́rùn, tí etí rẹ̀ kan kò gbà láti dúró. Ní àdúgbò wa, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé wọn kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Orúkọ ajá ni ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ láìjẹ́ pé ó wo ẹni náà lójú. Mo sọ ọ́ ní Kòkànyín. Bí n kò bá bọ̀wọ̀ fún Àǹtí ni, Kòkànẹ́ ni ǹ bá sọ ọ́. Mo máa ń pè é ní òwúrọ̀, mo máa ń pè é ní ìrọ̀lẹ́, mo sì mọ̀ pé àwọn ayálégbé ń gbé e dé Ìlúpéjú fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Èsì tó kù nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ilé ṣe. Mo ti inú rẹ̀ lọ́kọ. Yàrá iwájú ni wọ́n ti so yìgì wa. Inú yàrá kún, àwọn kan dúró sẹ́yìn fèrèsé, àlùfáà sì bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo gbọ́ ohun tí òun ń sọ, nítorí pé ẹ̀rín ni mò ń rín. Àga kan wà lápá òsì tí n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé. Ó ṣófo títí gbogbo èèyàn fi lọ.

Kẹrin. Kẹ̀kẹ́ bàbá mi, àti àpótí onítáyà méjì tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tí àdúgbò ń pè ní tírélà Jọmílójú, yóò jẹ́ ti ẹni tó bá gba ajá mi. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yà wọ́n. Kẹ̀kẹ́ láìsí tírélà kò wúlò fún Kòkànyín, bẹ́ẹ̀ ni tírélà láìsí kẹ̀kẹ́.

Lórí kẹ̀kẹ́ yìí kan náà ni Àǹtí Ayọ̀kànmí ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́, kí ọkàn mi tó bẹ̀rẹ̀ wàhálà rẹ̀. Wọ́n á di ìdí àga kẹ̀kẹ́ mú, wọ́n á máa sáré tẹ̀lé mi. Èmi á máa pariwo, "Ṣé ẹ dì í mú?" Wọ́n á ní, "Mo dì í mú." Lọ́jọ́ kan mo dé ìsàlẹ̀ àdúgbò, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí wọn lókèèrè. Wọ́n ti jókòó sórí pèpéle ilé wa, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ẹnu wọn ṣì ń lọ: "Mo dì í mú, Jọmí, mo dì í mú." Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ wọn lẹ́nu ọ̀nà fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ká ní ẹlòmíràn ló sọ ọ́ ni, ǹ bá ti gbàgbé.

Bí tírélà ṣe dé nìyí. Ọ̀kadà kan gbá Kòkànyín lẹ́bàá ọ̀nà Ìtirẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Kò kú, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè gbé e jìnnà mọ́. Dókítà ẹranko tó ń wò ó wà ní ìkángun Surulere lọ́hùn-ún. Kò sí onímárúwá tó fẹ́ gbé ajá, èmi náà kò sì lè gbé e, nítorí pé ààbọ̀ garawa omi lásán máa ń gba èémí lẹ́nu mi. Ní àkókò yẹn ni Abdussalam, tó jẹ́ wẹ́dà ní Mushin, wá ṣe ilẹ̀kùn onírin sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo bi í bóyá ó lè bá mi ṣe àpótí tó ní táyà. Ó ní, "Àǹtí, kí lẹ fẹ́ máa fi kó?" Mo ní ajá. Ó bojú wẹ̀yìn bí ẹni pé ẹlòmíràn ni mò ń bá wí.

Ó fi irin tó ṣẹ́kù lára fèrèsé ẹnì kan ṣe é, ó ki táyà kẹ̀kẹ́ ọmọdé méjì sí i, ó sì fi àwọ̀n wáyà yí i ká. Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbé Kòkànyín sínú rẹ̀ wùyà, ó ti ilẹ̀kùn, ó gun kẹ̀kẹ́, ó ń lọ. Igbe tí ajá yẹn ké, àwọn tó wà nínú ilé jáde. Ó bu àwọ̀n jẹ títí ẹnu rẹ̀ fi ṣẹ̀jẹ̀. Débọ̀, fọkanáísà tó ń lẹ táyà lódìkejì títì, dìde dúró. "Ẹ̀yin èèyàn yìí," ó ní, "ṣé ẹ ti tà á ni?" Lẹ́yìn ìyẹn, bí Kòkànyín bá ti rí tírélà, ó ń gba abẹ́ tábìlì ìlọṣọ lọ. Abdussalam sì jókòó sórí búlọ́ọ̀kù níta, ó dorí kodò bí ẹni tí wọ́n lé kúrò níbi iṣẹ́.

A wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. A fi òkúta dí táyà kó má lè yí, a ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, mo tẹ́ ìró mi kan tó ti gbó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a sì ń gbé oúnjẹ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, oúnjẹ wọ ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó tún yá, ó wọ inú lọ́hùn-ún. A kò tì í, a kò fà á. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ iwájú gun orí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó yí po, ó sì sùn sórí ìró mi. Abdussalam di ẹnu ara rẹ̀ mú kó má baà pariwo. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ wò ó dáadáa.

Lẹ́yìn náà, a ń fọwọ́ mì í jẹ́jẹ́ bó ṣe ń jẹun lọ́wọ́. A mú òkúta kúrò, a ń tì í lọ tì í bọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ariwo ló le jù. Débọ̀ gbà láti máa tan ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà nígbà tí ajá bá ń jẹ ẹja rẹ̀, lókèèrè lákọ̀ọ́kọ́, ó wá ń gbé e súnmọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ó tún rí fèrè ọ̀kadà àtijọ́ kan, ó ń fọn ọ́n fún un bí ẹni ń fọn ọ́n fún ọba. Títí di òní, bí Kòkànyín bá gbọ́ fèrè ọ̀kadà, ẹja ló ń retí.

Karùn-ún. Gbogbo irinṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, áyọ́ọ̀nù oníná, áyọ́ọ̀nù eléèédú, tábìlì ìlọṣọ, ọpọ́n ńlá tí a fi ń fọṣọ àti ìkòkò sítáàṣì, mo fi wọ́n fún Jameelah. Kí ó dá aṣọ oníkálukú padà ní lílọ̀. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá wá gbà, kí ó fi kọ́ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i. Àwọn èèyàn máa ń rántí.

Ọpẹ́ ni mo jẹ áyọ́ọ̀nù eléèédú yẹn. Nílé àwọn Abdussalam, aṣọ tí itọ́ ajá bá ti kàn, wọn kì í fi kírun. Kòkànyín sì rèé, bí ó bá fẹ́ràn ẹnì kan, yóò lá a ni. Nítorí náà, bí a bá ti parí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, Abdussalam á bọ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, á wọ èyí tí mo ti fọ̀ tí mo ti lọ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú, á wá máa lọ sílé kírun Màgáríbì. Mo fọ àwọn aṣọ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo lọ àwọn ibi tí ojú kò lè rí.

Ìyá rẹ̀, Sìmíátù Àlíyù, ló kọ́kọ́ fura. (Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n dárúkọ wọn níta. Òfin ló ní kí n kọ ọ́.) Wọ́n rí i pé ọmọ wọn ń kúrò nílé láàárọ̀ pẹ̀lú aṣọ tó ti jóná níbi púpọ̀, ó sì ń padà dé nírọ̀lẹ́ bí ẹni tó ń bọ̀ láti Jímọ̀. Wọ́n tọpa rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù mi.

"Ìwọ lò ń fọ ọmọ mi?"

Mo ní, "Aṣọ wọn ni, mà."

"Mo ní ọmọ mi. Wẹ́dà wo ló ń rùn ọṣẹ?"

Kòkànyín wá yọ orí láti inú tírélà. Wọ́n sún sẹ́yìn, wọ́n ká ìró wọn mọ́ra. "Èyí ò gbọdọ̀ wọ ilé mi o."

"Kò ní í wọ̀ ọ́, mà."

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n wo àwọn aṣọ tó wà lórí okùn. "Ìwọ ńkọ́?" wọ́n ní. "Ìgbà wo nìwọ máa wọlé?"

Báyẹn ni wọ́n ṣe fẹ́ mi. Abdussalam ní òun ti fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, pé ìyá òun ló gba ọ̀rọ̀ mọ́ òun lẹ́nu.

Kẹfà. Fún ìyá ọkọ mi, mo fẹ́ fi aṣọ àlà funfun mi méjì àti àwo táńganran tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. Wọn kò gbà. Wọ́n ní, "Má fún mi ní nǹkan kan. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni kí o jí." Nítorí náà, n kò fi ohunkóhun fún wọn nínú ìwé yìí. Èyí tí wọ́n béèrè, kò sí lọ́wọ́ mi.

Keje. Kí Abdussalam padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Òun nìkan ni ọmọkùnrin wọn, ojú wọn sì ti ń bàìbàì. N kò fẹ́ kí ó máa dá jókòó sínú yàrá wa, kó máa wo bùrọ́ọ̀ṣì irun mi. Nígbà tó bá tó àsìkò, kí ó fẹ́ ìyàwó mìíràn. Mo kọ gbólóhùn yìí, mo fi bíírò sílẹ̀, mo jáde lọ wò ó níbi tó ti ń tún ṣéènì ṣe, mo padà wọlé, mo sì tún rò ó. Ó wà bẹ́ẹ̀. Kí ó fẹ́ ìyàwó mìíràn. Àmọ́ kí ó má ṣe é kíákíá.

Kẹjọ. Kòkànyín, ajá mi, mo fi í fún ẹ̀gbọ́n mi, Ayọ̀kànmí Ọ̀jẹ̀túndé, ti Ìlúpéjú, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ àti tírélà. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi sílẹ̀ fún wọn nìyí. Wọ́n lè yí orúkọ rẹ̀ padà bí wọ́n bá fẹ́. Mo kàn ń sọ fún wọn pé kò ní í jẹ́ òmíràn.

N kò ní ibòmíràn láti fi í sí. Kò lè wọ ilé ìyá Abdussalam, mo sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé kò ní í wọ̀ ọ́. Jameelah ń gbé nínú yàrá kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin. Bí Àǹtí kò bá gbà á, dókítà ẹranko ti ṣàlàyé abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń fún ajá tí kò lè rìn tí kò sì ní ẹni tó fẹ́ ẹ. Ó ní kò ní í dùn ún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbé ajá mi kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n mú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún mi ni mo rí ohun tí a kò tíì kọ́ ọ. Ó ti ń jókòó jẹ́ẹ́ nínú tírélà nígbà náà. Ọkọ̀ ńlá lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní í mira. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tírélà ni mo máa ń rìn, tí mo ń bá a sọ̀rọ̀, Abdussalam á sì máa wa kẹ̀kẹ́ bí ìgbín nítorí èmi. Bí n kò bá sí níbẹ̀, ó ń ké. A jẹ́ pé ohùn mi ló ń gùn, kì í ṣe tírélà.

Ẹ̀kọ́ tó kẹ́yìn nìyẹn, èmi ni mo sì ní láti kọ́ ọ. Mo ń rìn lẹ́yìn díẹ̀ dípò ẹ̀gbẹ́. Mo tún ń jìnnà sí i. Mo ń dín ọ̀rọ̀ mi kù. Nígbà tó yá, mo kàn ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì Débọ̀, èémí mi kò sì jẹ́ kí n lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́, wọn yóò lọ dé kọ̀rọ̀, wọn yóò padà. Ó ń bojú wẹ̀yìn. Gbogbo ìgbà ló ń bojú wẹ̀yìn. Abdussalam náà ń bojú wẹ̀yìn. Mo ní kí àwọn méjèèjì jáwọ́ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo ní kí Abdussalam gbé e lọ jìnnà, ibi tí ohùn mi kò lè dé. Èmi kọ́ ni mo rán an lọ sí Ìlúpéjú. Orí ara rẹ̀ ló fi ṣe é. Ó ní òun kan ilẹ̀kùn, Àǹtí sì jáde.

Wọ́n wo kẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó wo òun. Wọ́n ní, "Kẹ̀kẹ́ bàbá mi nìyí." Wọ́n wá wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ajá ta ni?"

Ó ní, "Ti àbúrò yín ni, mà."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Ọkọ mi kì í purọ́. Ó wo ilẹ̀. "Kòkànyín ni, mà."

Ó ní wọ́n tún wo ajá náà. Wọ́n wá ní, "Ọmọ yìí ò dẹ̀ ní í yí padà láéláé," wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi etí ìró nu ojú. Wọ́n bi í bóyá òótọ́ ni ohun tí wọ́n gbọ́ nípa Ìdí-Àràbà. Ó ní òótọ́ ni. Wọ́n bu omi sínú àwo, wọ́n gbé e síwájú ajá, wọ́n sì dúró tì í títí ó fi mu ún tán.

Kẹsàn-án. Ẹni tó bá gba Kòkànyín, kí ó máa fi okùn àyà dè é mọ́lẹ̀ tírélà, kí ó má fi okùn sí i lọ́rùn. Kí ó máa dá a padà nígbà tí inú rẹ̀ ṣì ń dùn, kí ó má dúró dìgbà tí yóò ké. Bí a bá dá a padà nínú ìdùnnú, yóò tún fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ìró mi tó wà ní ìsàlẹ̀ tírélà, kí ẹ má fọ̀ ọ́. Alágbàfọ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Òórùn mi yóò tán lára rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ óò mọ̀ nígbà tí ajá kò bá fi imú wá a mọ́. Nígbà náà, ẹ lè fọ̀ ọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Lọ́yà tí Jameelah mú mi lọ bá ní Yaba ní ẹlẹ́rìí méjì ni ìwé yìí nílò, àti pé ẹni tó bá fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí kò lè jogún ohunkóhun nínú rẹ̀. Mo fi ìlà kìíní fún Débọ̀. Ìlà kejì, mo fi sílẹ̀ ní òfo fún Àǹtí Ayọ̀kànmí. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, a jẹ́ pé wọn kò fẹ́ ajá, n kò ní í bínú. Bí wọn kò bá fọwọ́ sí i, ajá ti di tiwọn.

Lánàá, wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti sanra díẹ̀. Èmi kúnlẹ̀, wọ́n sì fà mí dìde kíákíá, wọ́n ní ṣé n kò mọ̀ pé ara mi kò yá ni. A kò sọ ohunkóhun nípa ilé. Mo fún wọn ní ìwé yìí, wọ́n kà á lórí ìdúró, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tí mo kọ ọ́ dé. Nígbà tí wọ́n dé ibi ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró níbẹ̀ pẹ́. Wọ́n wá kà á lọ.

"Ajá yìí nìkan ni mo jogún?"

Mo ní, "Òun nìkan ni."

Wọ́n mú bíírò. Wọ́n yí i lọ́wọ́. Wọ́n gbé e padà sórí tábìlì, wọ́n sì so ìró wọn le. "Níbo ni kẹ̀kẹ́ wà?"

Abdussalam de Kòkànyín sínú tírélà fún wọn. Wọn kò tíì gun kẹ̀kẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí àkọ́bí wọn. Gbogbo àdúgbò jáde wá wòran. Ajá mira lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì pariwo pé, "Kòkànyín, jókòó!" Débọ̀ ní, "Mà, mi ò sọ nǹkan kan o." Mo rẹ́rìn-ín títí àyà mi fi dùn mí, mo sì di irin ẹ̀yìn tírélà mú, mo ń tẹ̀lé wọn.

Kẹ̀kẹ́ ń ṣe ségesège. Wọn kò lè bojú wẹ̀yìn, wọ́n ń pariwo síwájú: "Jọmí, ṣé o dì í mú?"

Mo ní, "Mo dì í mú."

Èémí mi tán níwájú bẹ́ǹṣì Débọ̀. Mo jókòó. Wọ́n tún béèrè, mo tún dá wọn lóhùn. Kẹ̀kẹ́ ti ń lọ tààrà. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, mo ń sọ ọ́ lọ, mo dì í mú, Àǹtí, mo dì í mú, títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀. Kòkànyín jókòó jẹ́ẹ́. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ìlà kejì ṣófo síbẹ̀. Ìyá ọkọ mi, tí kò gba ohunkóhun, ni yóò tẹ̀ka sí i.

Mo fọwọ́ sí ìwé yìí ní ṣọ́ọ̀bù mi, ní ọ̀sán, níṣojú àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì, tí wọ́n rí mi, tí èmi náà sì rí wọn, ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Jọmílójú Àṣàbí Ọ̀jẹ̀túndé, aya Àlíyù

Ẹlẹ́rìí kìíní: Débọ̀, fọkanáísà, òdìkejì títì

Ẹlẹ́rìí kejì: Sìmíátù Àlíyù, Mushin (ìtẹ̀ka)